Àyẹ̀wò A1C: Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ

Bí ọjọ́ tí alátọ̀gbẹ yóò lọ rí dókítà bá ti ku ọ̀la, oúnjẹ rẹ̀ a máa yí padà. Ẹni tí ó ti ń jẹ ẹ̀bà ńlá lálaalẹ́ láti bí oṣù méjì yóò wá fi ẹ̀wà díẹ̀ panu, yóò sì lo oògùn rẹ̀ pé pérépéré. Nígbà tí wọ́n bá gún un ní ìka ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 110 ni ẹ̀rọ yóò kọ, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà ni ó sọ. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kì í fi ìṣẹ́jú kan ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní A1C ni ó ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni èròjà kan wà tí ń jẹ́ hemoglobin, òun ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ṣúgà a máa lẹ̀ mọ́ ọn bí aró ṣe ń mu aṣọ: bí aró bá ṣe ki tó, tí aṣọ sì ṣe pẹ́ nínú rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣe dúdú tó. Èyí tí ó bá ti lẹ̀ kì í ṣí mọ́ títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi kú, nǹkan bí 120 ọjọ́ sì ni ó ń lò láyé. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ènìyàn fi ebi lọ ṣe àyẹ̀wò yìí. Samuel Rahbar, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Iran, ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní ọdún 1968 pé hemoglobin àwọn alátọ̀gbẹ yàtọ̀.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń ka èsì rẹ̀. Èyí tí kò bá tó 5.7 dára, 5.7 sí 6.4 jẹ́ ìkìlọ̀, 6.5 sókè, àtọ̀gbẹ ni, bí àyẹ̀wò mìíràn bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ti ní àtọ̀gbẹ, kí ó má tó 7 ni àwọn dókítà ń fẹ́. Lórí ẹ̀rọ tí ó ń lo mg/dL, 7 dọ́gba pẹ̀lú ìpíndọ́gba 154, 8 pẹ̀lú 183, 10 pẹ̀lú 240. Ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 1993 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lórí 1,441 ènìyàn tí wọ́n ń gba ínsúlíìnì, fi hàn pé àwọn tí A1C wọn wà ní sàkáání 7 bọ́ lọ́wọ́ ìbàjẹ́ ojú lọ́nà púpọ̀ ju àwọn tí tiwọn wà ní sàkáání 9. Àmọ́ ṣúgà wọn a máa já wálẹ̀ lójijì ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà dókítà lè gba arúgbó láyè láti dúró sí 8.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2017 lórí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé A1C ẹni AS máa ń kéré díẹ̀ ju bí ṣúgà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 0.3. Ẹni tí èsì rẹ̀ jẹ́ 6.3 lè lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò tọ́ sí i. Ti ẹni SS burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kì í pẹ́ kú, kò sì sí àyè tí ṣúgà yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe yẹ. A1C kò ṣeé gbára lé fún irú wọn rárá. Bákan náà ni fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, tàbí ẹni tí ó sọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nù. Àìtó èròjà irin nínú ara, ní tirẹ̀, lè mú kí èsì ga ju òótọ́ lọ.

Ó yẹ kí aláìsàn sọ jínótáìpù rẹ̀ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn wà, fructosamine, tí ó ń ka ti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí kò sì sí lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa.

Ìgúnka ojoojúmọ́ kò tíì di ohun àpatì o. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 50 ní ìdájí, tí ó sì di 260 lálẹ́, lè gba èsì 7 tí ó dùn ún kà. Àkọsílẹ̀ ìgúnka nìkan ni yóò fi ewu yẹn hàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni A1C tó fún ẹni tí ara rẹ̀ dúró déédéé. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí oògùn rẹ̀ padà yóò máa ṣe é ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ní yàrá àyẹ̀wò kan náà bí ó bá ṣeé ṣe.