Láti Ọ̀fàdà dé Kútọnu àti òkè òkun: Bí èèyàn ṣe lè dáàbò bo owó rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣẹ́ńjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí owó rẹ̀ bá bàjẹ́ ní ẹnubodè, ìtìjú ni yóò fi wọ ilé, pàápàá bó bá jẹ́ pé owó àjọ tàbí owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló gbé dání.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá oníṣòwò kan ní Ọ̀fàdà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìrẹsì. Ó ta ìrẹsì, ó kó owó jọ díẹ̀díẹ̀, ó gba àjọ, ó sì gba Mówé jáde láti lọ ra aṣọ ní ọjà Dàńtọkpá ní Kútọnu. Ó mọ aṣọ dáadáa, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Kí ó tó rí aṣọ kankan, yóò kọ́kọ́ ra ọjà mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n rà, ìyẹn owó fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrè oṣù kan ti lè lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àkójọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin èèyàn wa.

Ìdí tí owó wa kò fi jẹ́ ọ̀kan náà

Láyé àtijọ́, owó ẹyọ tí wọ́n ń ná ní Abẹ́òkúta náà ni wọ́n ń ná ní Àjàṣẹ́ àti ní ilẹ̀ Dàhòmì. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn sì ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, ẹrù tó tó orí alágbàrù kan. Ìnira owó ẹyọ ni pé ó wúwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣẹ́ńjì rẹ̀ kí ó tó wọ Àjàṣẹ́.

Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ẹnu kò lórí ààlà tó pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ owó kan sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nítorí náà, Ẹ̀gbá tó bá lọ sí Àkrà ní ọdún 1950, ṣílè kan náà tó mú kúrò nílé ni yóò ná níbẹ̀. Gold Coast di Ghana, ó sì ní owó tirẹ̀ ní ọdún 1958. Bánkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé, tí náírà méjì sì rọ́pò pọ́n-ùn kan. Ní tiwọn, àwọn Faransé ti dá owó sẹ́fà sílẹ̀ láti oṣù kejìlá ọdún 1945.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ará Ìdí-Ìrókò àti ará Ìgolo lè jọ sọ Yorùbá, kí wọ́n jọ dáná àna, síbẹ̀ kí owó àpò wọn má dá ara wọn mọ̀.

Ẹ mọ owó tí ẹ fẹ́ rà

Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná sẹ́fà ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: Benin, Togo, Côte d'Ivoire, Senegal, Mali, Burkina Faso, Niger àti Guinea-Bissau. Báńkì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ BCEAO, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dakar, ló ń gbé e jáde. Lẹ́tà kan wà lára nọ́ḿbà owó pépà kọ̀ọ̀kan tó ń fi orílẹ̀-èdè hàn: B ni ti Benin, T ni ti Togo. Lẹ́tà yìí kò dín iye owó náà kù rárá. Ẹni tó bá ti Kútọnu lọ sí Lomé kò ní láti ṣẹ́ńjì owó mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Sẹ́fà mìíràn wà tí wọ́n ń ná ní Cameroon, Gabon, Chad àti àwọn aládùúgbò wọn. Iye kan náà ni méjèèjì lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà ní Dàńtọkpá kò ní gba ti Cameroon lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá rí BCEAO lára owó pépà tí wọ́n kà fún yín, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Ohun kejì ni pé sẹ́fà so mọ́ owó yúrò. Láti ọdún 1999, yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Nítorí náà, bí náírà bá já wálẹ̀ sí yúrò, ó ti já wálẹ̀ sí sẹ́fà náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó yẹ kó gbà ní Sèmè, kí ó kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ń ta yúrò lọ́jọ́ náà, kí ó sì pín in sí 656. Ìdáhùn tó bá rí ni iye náírà tí sẹ́fà kan yẹ kó súnmọ́.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé owó tó so mọ́ òmíràn kò lè já. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye sẹ́fà sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kan, 50 sẹ́fà ni franc Faransé kan. Ní ọjọ́ kejì, ó di 100.

Ìṣirò tí yóò gbà yín

Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìyá wa láti Ọ̀fàdà gbé ₦600,000 dání. Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé ní ẹnubodè ní òun yóò fún un ní 390 sẹ́fà lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹni kejì, tí kò jìnnà síbẹ̀, ní 400 ni tòun. Sẹ́fà mẹ́wàá péré ni ìyàtọ̀ tí etí gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, 234,000 sẹ́fà ni yóò gbà. Lọ́dọ̀ ẹni kejì, 240,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà sẹ́fà ti lọ, bẹ́ẹ̀ ₦15,000 nìyẹn ní owó tiwa.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé iye méjì ni oníṣẹ́ńjì máa ń ní, iye tí yóò fi ta owó fún yín àti iye tí yóò fi rà á padà. Bó bá ta sẹ́fà kan fún yín ní ₦2.50, ó lè jẹ́ ₦2.40 ni yóò fi rà á nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Bí 40,000 sẹ́fà bá ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́, ₦100,000 lẹ fi rà á, ₦96,000 lẹ ó gbà. Nítorí náà, ẹ má ṣẹ́ńjì ju ohun tí ẹ fẹ́ ná lọ. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ó tún padà lọ láìpẹ́, ẹ tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù.

Ìwà ní ẹnubodè

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti dúró ní Sèmè tàbí Ìdí-Ìrókò, ariwo ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Ẹ má ṣe ta owó jáde láàárín ariwo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ ti ṣe ìṣirò yín sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, nítorí ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ oníṣẹ́ńjì, tiẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín.

Ẹ gba owó tiwọn kí ẹ kà á, kí ẹ tó jọ̀wọ́ tiyín. Ẹ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí owó pépà tí wọ́n ká sí méjì lè dà bí ẹyọ méjì lójú ẹni tó ń kánjú. Bí ẹ bá kà á tán, tí ẹni náà bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun tún un kà, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ tún un kà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó ló máa ń sọnù nínú kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí. Ẹ béèrè owó kéékèèké díẹ̀, 500, 1,000 àti 2,000, nítorí ọlọ́kadà àti olóúnjẹ kì í fẹ́ ṣẹ́ 10,000.

Owó yín kò gbọdọ̀ wà lójú kan. Èyí tí ẹ ó ná lójú ọ̀nà ní láti wà lọ́tọ̀, kí owó ọjà wà níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè dé.

Ẹ má sì tọ́jú náírà púpọ̀ sí òdìkejì ààlà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun ti àwọn ẹnubodè pa, wọ́n sì yí àwọ̀ owó padà. Ẹni tí náírà rẹ̀ wà ní Kútọnu nígbà náà fi ọwọ́ lérán ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀rọ̀ owó tuntun tún kó wàhálà bá gbogbo wa, títí tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún náà. Ààlà pàápàá kì í fìgbà gbogbo wà ní ṣíṣí: wọ́n tì í ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Sèmè kò ṣí títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni

Ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà tàbí Dubai lè béèrè fún owó ìrìn àjò lọ́dọ̀ bánkì rẹ̀. Ìlànà CBN ni pé arìnrìn-àjò lásán lè ra 4,000 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta, oníṣòwò sì lè ra 5,000. Ìwé ìrìnnà, físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́ḿbà BVN wà lára ohun tí wọn yóò béèrè, nítorí náà ẹ má dúró di ọjọ́ tó kù ọ̀la. Ní oṣù kejì ọdún 2024, CBN pàṣẹ fún àwọn bánkì pé kí wọ́n máa san owó yìí sórí káàdì tàbí sínú àkáǹtì, kí wọ́n yé kà á lé èèyàn lọ́wọ́.

Ní ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣẹ́ńjì owó, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ 4,173 nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2024. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò tó ẹ̀rí mọ́. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀ CBN, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín bá ju 10,000 dọ́là lọ, tàbí iye tó bá a dọ́gba nínú owó mìíràn, òfin ní kí ẹ sọ fún àwọn aṣọ́bodè. Kì í ṣe pé òfin ní kí ẹ má gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í pamọ́ lè pàdánù rẹ̀, ó sì lè dé ẹ̀wọ̀n. Bákan náà ni ní Amẹ́ríkà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ti tó 10,000 pọ́n-ùn ni.

Káàdì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ìparí ọdún 2022, ọ̀pọ̀ bánkì wa dá káàdì náírà dúró lẹ́yìn odi. Ní ọdún 2025 ni àwọn kan tún ṣí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bánkì yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì mọ iye tí ẹ lè ná lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dé òkè òkun, ẹ̀rọ ATM tàbí POS lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ san ní owó ìlú tí ẹ wà tàbí ní owó káàdì yín. Owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá yan èkejì, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ni yóò bá yín ṣẹ́ńjì, iye tó bá sì wù ú ni yóò lò.

Owó inú àpótí

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló ní pọ́n-ùn tí ọmọ kan fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan. Ẹ yọ ọ́ wò. Àwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fi òpin sí níná pọ́n-ùn márùn-ún oníbébà ní ọdún 2017, mẹ́wàá ní 2018, àti ogún àti àádọ́ta ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Owó náà kò kú, nítorí Bank of England ṣì ń gbà á, ó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kò ní gbà á. Ní ti dọ́là, Amẹ́ríkà kì í fagi lé owó àtijọ́. Àwọn oníṣẹ́ńjì tiwa ló máa ń dín owó lórí olórí kékeré, lórí èyí tó ya tàbí tó ní àbàwọ́n, àti lórí owó kéékèèké bí mẹ́wàá àti ogún. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gba dọ́là tí ẹ fẹ́ tà nílé, ọgọ́rùn-ún tó mọ́ ni kí ẹ gbà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kò sí ẹni tí kò lè kọ́ ìṣirò yìí. Ìyá tó lè fi ojú lásán mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà gidi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pò pọ̀, kò sí ìdí tí wọn yóò fi pò owó pọ̀ mọ́ ọn lójú. Ẹ béèrè iye, ẹ ṣe ìṣirò, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sì sunwọ̀n.