Aṣọ Tuntun fún Eré Àtijọ́: Ìtàn DuckTales Láti 1989 Dé 2013

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àtijọ́ tí a tún ṣe mu púpọ̀. Ẹni tó ń tún iṣẹ́ náà ṣe lè fún un ní àwọ̀ tó ń dán, ohùn tó já gaara àti ìtàn tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọdún tí iṣẹ́ náà ti lò lọ́kàn àwọn ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè rà lọ́jà. Nígbà tí géèmù DuckTales: Remastered jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló di àríyànjiyàn láàárín àwọn lámèyítọ́ àti àwọn tó ti mọ eré náà láti kékeré. Kí ni ẹni tó ń tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú? Kí ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí padà?

Kí ìdáhùn tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ ibi tí odò náà ti ṣàn wá. Carl Barks, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló dá Scrooge McDuck sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn aláwòrán Disney ní òpin ọdún 1947. Pẹ́pẹ́yẹ arúgbó ni Scrooge. Ó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ahun paraku ni. Ó ń dé fìlà gíga, ó ń mú ọ̀pá lọ́wọ́, inú ilé ńlá kan tí ó kó owó rẹ̀ sí ló sì ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú owó bí ẹni tó wà nínú odò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, Disney gbé òun àti àwọn ọmọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mẹ́ta, Huey, Dewey àti Louie, jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nínú eré kàtúùnù tí wọ́n pè ní DuckTales.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1989, ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan sọ kàtúùnù náà di géèmù fún ẹ̀rọ Nintendo tí a mọ̀ sí NES. Àwọn ènìyàn tí orúkọ wọn ti di ńlá nínú iṣẹ́ yìí ló kópa nínú rẹ̀: Tokuro Fujiwara ni aṣáájú, Keiji Inafune wà lára àwọn ayàwòrán, Hiroshige Tonomura ló sì ṣe orin. Eré náà tà ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ẹ̀dà lọ lórí NES nìkan.

Kì í ṣe orúkọ Disney nìkan ló mú kí ó tà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀. Nínú irú géèmù yìí, ẹni tó ń ṣeré a máa darí ènìyàn inú àwòrán kan, tí yóò máa sáré, tí yóò sì máa fò láti orí pèpéle kan dé òmíràn. Ohun tí Capcom fi kún un ni ọ̀pá Scrooge. Bí Scrooge bá fò sókè, tí eléré sì tẹ bọ́tìnnì tó yẹ, yóò fi ọ̀pá náà gúnlẹ̀, yóò sì tún ta sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè fi ta lórí ẹ̀gún láìfarapa, ó sì lè fi ṣubú lé ọ̀tá lórí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbìyànjú rẹ̀ lórí yìnyín rírọ̀ ní àwọn òkè Himalaya, ọ̀pá náà yóò rì, Scrooge yóò sì há síbẹ̀. Ìlànà kékeré kan ṣoṣo ni, àmọ́ gbogbo eré náà ló rọ̀ mọ́ ọn.

Ibùdó márùn-ún ló wà: Amazon, Transylvania, ibi ìwakùsà ilẹ̀ Áfíríkà, Himalaya àti Òṣùpá. Eléré fúnra rẹ̀ ló ń yan èyí tí yóò kọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: gbólóhùn díẹ̀ tí a kọ sínú àpótí, ó parí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ohùn márùn-ún péré ni NES lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àyè inú páálí géèmù sì kéré. Kò sí àyè fún òṣèré láti sọ̀rọ̀ lọ títí. Nítorí náà, orin ló ń sọ ìtàn. Orin tí Tonomura ṣe fún ibùdó Òṣùpá di ààyò àwọn eléré débi pé, nígbà tí Disney tún kàtúùnù DuckTales gbé jáde láti ọdún 2017, wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí orin yìí, wọ́n sì sọ ọ́ di orin ìrẹmọ́ tí ìyá ń kọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Èyí ni ogún tí ilé-iṣẹ́ WayForward ti ìpínlẹ̀ California gbà lọ́wọ́ Capcom ní ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà. Wọ́n fi ọwọ́ ya àwọn ẹ̀dá inú eré náà lọ́tun kí wọ́n lè jọ ti kàtúùnù gan-an. Jake Kaufman tún orin Tonomura tò láìba ìlà orin náà jẹ́. Wọ́n fi ibùdó kan ṣáájú, nínú ilé owó Scrooge, wọ́n sì fi òmíràn parí rẹ̀ ní òkè Vesuvius ní ilẹ̀ Ítálì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n fún eré náà ní ohùn: àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀, ìtàn sì ń lọ láàárín ìrìn-àjò.

Àwọn tó yin iṣẹ́ náà kò yìn ín lásán. Wọ́n tọ́ka sí ẹwà àwòrán rẹ̀ àti orin rẹ̀. Wọ́n tún tọ́ka sí ọ̀wọ̀ tí ó fún ọ̀pá Scrooge: bọ́tìnnì kan ṣoṣo ti tó fún ọmọdé tí kò mọ eré àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà ti 1989 lè yàn án padà. Ìyẹn ni pé àwọn aṣàtúnṣe náà mọ òpó tó gbé ilé ró, wọn kò sì hú u.

Àwọn tó fapá jánú náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Eléré á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, eré á dúró kí Scrooge àti àwọn ọmọ lè jíròrò. Á tún rìn díẹ̀, ìjíròrò mìíràn á tún dé. Ní Amazon, ó di dandan kí ó ṣa àwọn owó wúrà àtijọ́ jọ kí ọ̀nà tó lè là fún un, bẹ́ẹ̀ òmìnira láti kọjá tàbí láti dúró wo àyíká wà lára adùn ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ní 1989, ọmọ tó ń ṣeré ló ń fi ọkàn ara rẹ̀ dí àlàfo tí ìdákẹ́jẹ́ fi sílẹ̀. Ní 2013, wọ́n ti bá a dí i.

Ẹ̀sùn yìí tọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tún gbọ́dọ̀ kíyè sí. Nínú àwọn ibùdó orí ilẹ̀ ayé, ẹkùn kan tí ó ní ààlà ni Transylvania. Bẹ́ẹ̀ náà ni Amazon àti Himalaya. Áfíríkà nìkan ni gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì odindi tí a sọ di ihò ìwakùsà kan, níbi tí àlejò ti wá gbé dáyámọ́ńdì lọ. Lóòótọ́, àyè ọ̀rọ̀ kò sí ní 1989. Àyè wà ní 2013, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ bí omi òjò, síbẹ̀ orúkọ àtijọ́ náà ni wọ́n fi sílẹ̀ lára ibùdó yìí. Ọ̀rọ̀ wá pọ̀ níbi tí a kò ti nílò rẹ̀, ó sì wọ́n níbi tí ó ti yẹ. Títọ́jú ogún kò túmọ̀ sí pé kí a tọ́jú àṣìṣe inú rẹ̀ láìbi í léèrè.

Síbẹ̀, kí a tó dá ọ̀rọ̀ inú àtúnṣe náà lẹ́bi pátápátá, ó yẹ kí a béèrè pé ta ló ń sọ ọ́. Alan Young ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní oṣù kọkànlá ọdún 1919, òun ló sì ti jẹ́ ohùn Scrooge nínú DuckTales láti 1987. Nígbà tí WayForward pè é padà, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. June Foray, tí wọ́n bí ní 1917, padà wá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí àjẹ́ Magica De Spell. Russi Taylor náà padà wá fún àwọn ọmọ mẹ́ta náà. Young papò dà ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, Foray ní oṣù keje ọdún 2017, Taylor ní oṣù keje ọdún 2019. Láàárín ọdún mẹ́fà sí ìgbà tí eré náà jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ.

Ibí ni ìtàn ti yí ojú ìdájọ́ padà. Ohun tí àwọn lámèyítọ́ kà sí àléébù iṣẹ́ náà ni ìtàn yóò máa dúpẹ́ fún. Bí eré náà bá dákẹ́ bíi ti 1989, ì bá dùn ún ṣe jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n ohùn àwọn àgbà wọ̀nyí kì bá tí sí nínú rẹ̀. Àléébù náà kò di ẹ̀wà nítorí èyí. Eléré tí ọ̀rọ̀ ń dá dúró ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ohun kan náà kàn lè jẹ́ ìdíwọ́ lónìí, kí ó sì di ìṣúra lọ́la.

Ìṣúra ọ̀hún kò sì ní ààbò tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n yọ DuckTales: Remastered kúrò nínú àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì padà títí di oṣù kẹta ọdún 2020. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ẹni tí kò bá tíì rà á kò rí i rà níbẹ̀ mọ́. Eré ti 1989 fúnra rẹ̀ ti padà jáde ní 2017, láìyí àwòrán àti orin rẹ̀ padà, nínú àkójọ géèmù mẹ́fà tí wọ́n pè ní The Disney Afternoon Collection. Ohun tó dára ni pé a ní méjèèjì, nítorí àtúnṣe kò lè rọ́pò àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ kò sì lè ṣe iṣẹ́ àtúnṣe.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe lámèyítọ́ lè fi èyí kọ́ wọn. Kí wọ́n má ṣe dúró lórí pé tuntun dára tàbí tuntun burú. Kí wọ́n béèrè ohun tó gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ró, ohun tí àìní àyè fi dandan mú un ṣe, ohun tí aṣàtúnṣe fi kún un, àti àṣìṣe tí ó bá níbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn. Ọmọdé ní aṣọ bí àgbà lóòótọ́ ní 2013. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i pé àgbà kan ṣì wà láàyè, ó sì fi àkísà tirẹ̀ rán mọ́ aṣọ náà: ohùn ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, tí ó ń gbọ̀n díẹ̀, tí ó sì ṣì ń pariwo nítorí owó rẹ̀.