Dókítà John Randle àti Odò Ìlúwẹ̀ẹ́ Oníkàn

Àwọn àgbà ní, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí ọ̀sà, láti Ọ̀jọ́ àti Ìbà títí dé Èkó, ẹ mọ̀ pé ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá ni omi tètè ń gbé. Dókítà kan wà láyé àtijọ́ tí ọ̀ràn yìí dùn dé ọkàn. John Randle ni orúkọ rẹ̀.

Ní Sàró ni a bí i ní ọdún 1855. Ó kọ́ ìṣègùn àti iṣẹ́ abẹ ní Edinburgh, ó sì yege ní 1888. Nígbà tí ó dé Èkó, ó wọṣẹ́ ìjọba. Ó fẹ́ Victoria Davies, ọmọ Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí àwọn ará Dahomey kó lẹ́rú ní Òkè-Odàn nígbà èwe rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Owó oṣù dókítà aláwọ̀ dúdú kò tó ti òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ìwé kan náà ni wọ́n jọ kà. Randle kò fara mọ́ ìrẹ́jẹ. Òun àti ìjọba kọ̀yìn síra wọn, ó sì ń dá ṣiṣẹ́ ìṣègùn tirẹ̀. Ní 1902, ìjọba tilẹ̀ ṣòfin pé òyìnbó nìkan ni yóò wọ ẹgbẹ́ dókítà wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Ní 1908, Randle àti Dókítà Ọbasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, wọ́n sì tako owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará Èkó.

Nígbà tí ó darúgbó, kò jókòó ka owó. Àwọn ọmọ Èkó ń kú sómi, ìjọba kò sì fẹ́ kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Randle na owó ara rẹ̀, a sì kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí Oníkàn ní 1928. Ọdún náà gan-an ni ó kú.

Lẹ́yìn 1970 ni a wó o. Ṣùgbọ́n ní 2023 a ṣí ilé àṣà Yorùbá kan síbẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, a sì tún odò náà ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, abẹ dókítà a máa wo ẹni tí ó ti fara pa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́, a ti gbà á lọ́wọ́ ikú kí ewu tó dé. Ẹ bi ara yín léèrè: kí ni èmi náà yóò fi sílẹ̀ fún ìlú mi? Ó dìgbà o.