Eré tí Ààfin Ọba Kò Fọwọ́ Sí

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Sloane Square ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ óò rí ilé eré Royal Court. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n nítorí Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń bá wọn ka àwọn eré tuntun, tí wọ́n sì ṣe The Invention rẹ̀ níbẹ̀ ní 1959. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára àwọn tí ó ti sọ ilé náà di olókìkí ṣáájú rẹ̀ ni Harley Granville Barker, òṣèré tí ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé eré.

Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní 1877. Láti 1904 sí 1907, òun àti J. E. Vedrenne ni alákòóso ilé eré náà. Ìgbà 988 ni wọ́n ṣí aṣọ ìtàgé. 701 nínú rẹ̀ jẹ́ ti eré Bernard Shaw, Barker fúnra rẹ̀ sì kópa nínú wọn.

Ní 1907 ni ó kọ Waste. Òṣèlú kan, Trebell, bá aya aláya lò pọ̀. Obìnrin náà lóyún, ó lọ ṣẹ́ ẹ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì kú. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni àwọn òṣèlú yòókù ń dáàbò bò. Wọ́n kẹ̀yìn sí Trebell, ó sì pa ara rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ ṣe eré tuntun ní gbangba láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Lord Chamberlain, ìjòyè ààfin ọba. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní kí Barker yọ gbogbo ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ kúrò. Ó kọ̀, àwọn náà sì fi àṣẹ du eré náà. Ẹ jọ̀wọ́, bí a bá yọ ohun tí ó pa obìnrin náà, kí ni ó kù? Iṣẹ́ mi ni láti máa wọ ilé àwọn ẹbí tí wàhálà bá, mo sì mọ irú ìpanimọ́ bẹ́ẹ̀: wọn a sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, àfi ohun tí ó ń dùn wọ́n gan-an.

Àwọn òǹkọ̀wé eré 71 kọ lẹ́tà ẹ̀hónú sí ìwé ìròyìn The Times. Ẹgbẹ́ Stage Society ṣe Waste fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan, Barker fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe Trebell. Ní 1909 ó jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, síbẹ̀ òfin kò yí padà. Nígbà tí gbogbo ènìyàn fi rí Waste ní 1936, ó ti pẹ́ tí Barker ti fi iṣẹ́ òṣèré sílẹ̀, tí ó gbájú mọ́ ìwé kíkọ lórí Shakespeare. Ní Paris ni ó kú sí ní 1946.

Òfin yẹn ṣì wà nígbà tí Ṣóyínká ń ṣiṣẹ́ ní Sloane Square. Ọdún 1968 ni ilé aṣòfin tó fagi lé e.