Ohùn Ta Ni? Bí A Ṣe Ń Jíṣẹ́ Nígbà Ogun Kírìjì

Wọ́n yọ máàkì lára ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ tó ṣe sẹ́mínà rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ń sọ. Olùkọ́ kan tó jókòó níwájú ló ní ilẹ̀ ló ń wò, kò wo àwọn èèyàn lójú, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ jù. Inú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀ wá sí Adébáyọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti bi mí pé, "Ẹni tó ju bàbá mi lọ, kí n wá tẹjú mọ́ ọn? Ta ló kọ́ mi ní ìyẹn nílé?" Mi ò rí nǹkan sọ. Àmọ́ ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, pàápàá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ogun Kírìjì fún iṣẹ́ mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i bí àwọn baba wa ṣe ń fi ìlù, owó ẹyọ, ojú àti ohùn jíṣẹ́, àti bí ìwé ṣe wá gba ipò gbogbo wọn.

Orúkọ ogun náà gan-an tó ìbẹ̀rẹ̀. Kírìjì kì í ṣe orúkọ ìlú, kì í sì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohùn ìbọn ńlá ni, bó ṣe ń dún láàárín àwọn òkè, tí àwọn tó gbọ́ ọ sì fi ẹnu sín in jẹ. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú rẹ̀. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú àwọn mìíràn para pọ̀, orúkọ wọn di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Ìbàdàn dó sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ dó sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọdún ń gorí ọdún. Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó ní 1885, síbẹ̀ ogun kò parí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọ̀tá wọ̀nyí gbọ́ èdè ara wọn. Wọn ò nílò ògbufọ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni bí wọ́n ṣe máa gba ara wọn gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìlù. Àwọn ológun kì í lọ sójú ogun láìsí onílù lẹ́yìn wọn. Gbogbo wa la máa ń sọ pé gángan àti dùndún ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìlù kò lè pe "b", kò lè pe "k", kò ní "a" kò ní "ẹ". Ohùn mẹ́ta péré ló ní, ti ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè, èyí tí onílù ń mú jáde nípa fífún ọsán rẹ̀ mọ́ra tàbí kó dẹ̀ ẹ́. Bó bá lu àárín, tó wá lu òkè, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń roko. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Odindi oríkì ló máa ń lù, tàbí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí etí lè bá a parí èyí tí awọ kò lè sọ. Ìdajì iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́. Tí ìlù bá sì ń ki ọkùnrin kan dé orí baba ńlá rẹ̀ lójú ogun, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́, ẹ̀yìn kò ṣeé yí padà fún un mọ́.

Àrokò ni ìkejì. Ọ̀pọ̀ wa la rò pé odi ni àrokò, pé ó jẹ́ àmì tí kò ní ohùn nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 1887, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní London lórí àwọn àrokò tí Otonba Payne kó jọ láti Èkó, láàárín àwọn Ìjẹ̀bú. Nínú rẹ̀ ni owó ẹyọ mẹ́fà ti wà. Ẹfà ni, ó sì ń sọ pé "mo fà mọ́ ọ, kí ìwọ náà fà mọ́ mi." Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, èrò wa jọ. Ẹ kà á láì pè é jáde, kò ní ìtumọ̀ kankan. Òyìnbó tó bá ka owó ẹyọ náà máa rí mẹ́fà. Yorùbá ló máa gbọ́ "fà". Ọ̀nà tí a fi so ó náà ní ohun tó ń sọ: ẹyọ méjì tó kọjú síra jẹ́ ti ìrẹ́pọ̀, tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé.

Àrokò kan wà tí mi ò lè gbàgbé, èyí tí Gollmer, míṣọ́nnárì CMS, kọ sílẹ̀ ní 1885. Ọkùnrin kan tí àwọn Dahomey kó lẹ́rú fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ohun márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo àti àkísà. Ara mi le bí òkúta. Ọjọ́ iwájú mi dúdú bí èédú. Ọkàn mi ń ta mí bí ata. Ooru ara mi tó láti yan àgbàdo. Àkísà ni aṣọ mi. Ẹ fojú inú wo obìnrin yẹn bó ṣe tú ìdì náà, tó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ kò lè sọ.

Lẹ́yìn ìlù àti àrokò ni ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Bí ọba bá rán ọ̀pá rẹ̀ lọ síbì kan, ẹni tó rí ọ̀pá náà á dọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé ọba ló dé. Ọba náà ní tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ adé bo ojú rẹ̀. Ẹni tó dúró níwájú ọba aládé Èkìtì kò rí ojú tó máa kà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń kà láti orí dé ẹsẹ̀. Ibí yìí ni mo ti rántí ọ̀rẹ́ mi. Yorùbá ló sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, Yorùbá kan náà ló ń pe títẹjúmọ́ àgbà ní àfojúdi. Ó jọ pé ó ta kora, ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí ìyá yín mú yín lọ kí èèyàn, tí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ojú ni ìyá fi sọ fún yín pé ẹ kò gbọdọ̀ gbà á. Ọmọ tí kò bá wo ojú ìyá rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. A máa ń wò. Fìrí la máa ń wò, ojú á sì padà sílẹ̀.

Àwọn Òyìnbó náà kò bí tiwọn mọ́ wọn. Ní 1806, àlùfáà ará Ireland kan tó ń jẹ́ Gilbert Austin tẹ ìwé Chironomia jáde ní London. Ó fi àwòrán kọ́ni bí a ṣe ń gbé apá, bí a ṣe ń dúró, àti ibi tí ojú yẹ kó wà bí a bá ń bá èrò sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ni, wọ́n jókòó kọ́ ọ. Tiwa náà, ẹ̀kọ́ ni, ilé la ti kọ́ ọ. Mi ò sọ pé kí wọ́n dá máàkì ọ̀rẹ́ mi padà o, ṣùgbọ́n ìbá dáa kí ẹni tó ń yọ ọ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan ló ń fi díwọ̀n èkejì.

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n mi ò ronú rí pé ọ̀rọ̀ ohùn ni. Ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ti olówó rẹ, ṣùgbọ́n bí o ṣe máa sọ ọ́, ìwọ lo ni ín. Irú iṣẹ́ yẹn ni àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ṣe. Johnson ti gbé lẹ́tà Aláàfin Adéyẹmí lọ sí Èkó ní 1881, pé kí Gómìnà bá wọn dá sí ogun náà. Nígbà tó di 1886, Gómìnà Moloney rán òun àti Phillips sí àwọn ọba àti olórí ogun. Ẹ wo ohun tó wà lọ́rùn wọn: gbólóhùn kan tí ohùn ìyájú bá wọ̀, tó bá bọ́ sétí ọkùnrin tó ti sin ọmọ àti àbúrò sójú ogun, ìbọn ló máa dáhùn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1886, àdéhùn di kíkọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn tí kò mọ̀wé sì fi àmì àgbélébùú sí i. Bí ìwé ṣe gba ipò àrokò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò lè dá dúró, ẹnu èèyàn ló sọ ọ́ di Yorùbá padà fún àwọn tó kàn. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di 1893 kí ọ̀rọ̀ ogun tó tán pátápátá.

Ìwé gba ohun tí ìlù kò lè gbà, ó sì sọ ohun tí ìlù ní nù. Ẹ kọ "oko" láìsí àmì: ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́, àbí ọkọ̀, àbí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń gún èèyàn lójú ogun? Ìlù kì í ṣe àṣìṣe yẹn láé. Ohun kejì wà tó kan àwa ará Èkìtì gan-an. Ulé là ń pe ilé, uṣu là ń pe iṣu. Létí ìlù, kò sí ìyàtọ̀, ohùn kan náà ni. Ìwé ló ní láti yan ọ̀kan. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, kọ èdè wa sílẹ̀ láti 1843, ẹnu Ọ̀yọ́ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí Bíbélì àti ilé ẹ̀kọ́ gbé jáde. Títí dòní, bí ọmọ Adó bá gba máìkì, á kọ́kọ́ pa ohùn ìyá rẹ̀ tì kó tó la ẹnu. Èmi náà ń ṣe é. Ẹ wo ohun tí mo ń kà yìí, ṣé mo kọ ulé?

Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí England, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, ó sì jáde ní 1921. Ní 1971 ni Banji Akintoye, ọmọ Adó-Èkìtì, wá gbé ìwé tirẹ̀ jáde lórí ogun náà láti ìhà Èkìtì. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì. Ògèdèǹgbé ń fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, àwọn ará Ìbàdàn ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Mo wá ibi tí mo ti lè gbọ́ ohùn ọjọ́ náà gan-an, bó ṣe dún létí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí tí bùdó méjèèjì jọ gbọ́ bákan náà, Kírìjì, ìbọn ló sì sọ ọ́.