Ọ̀rọ̀ Oko, Ọ̀rọ̀ Yunifásítì: Akínwùmí Ìṣọ̀lá àti Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán

Ọmọ Ìbàdàn kì í ní ojúlé kan ṣoṣo. Bí ó bá ti ní agboolé nínú ìgboro, yóò tún ní abúlé ní ọ̀nà Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, níbi tí àwọn baba rẹ̀ ti ń dáko kòkó, obì àti ẹ̀gẹ́. Ilé ni ó ti ń ṣọdún, ṣùgbọ́n oko ni oúnjẹ ti ń wá. Síbẹ̀, àwọn ará ìgboro a máa fi ará oko ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ará oko kò mọ̀wé, wọ́n ní kò lajú. Ohun tí àwọn ẹlẹ́gàn wọ̀nyí gbàgbé ni pé, bí oúnjẹ ti ń ti oko wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ń ti oko wá.

Ẹni tí ó bá gbé abúlé rí yóò jẹ́rìí sí èyí. Bí ìjà ààlà oko bá ṣẹlẹ̀, iwájú baálẹ̀ ni wọn ń gbé e lọ. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ í tò, tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí òwe wọlé, tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́, ni àwùjọ máa ń tẹ́tí sí. Ní alẹ́, àwọn ọmọdé a jókòó ti àgbà, wọn a pàlọ́, wọn a pàtàn. Ìyàwó ilé a máa fi oríkì kí ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Oníṣàngó a máa pe òrìṣà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe gbogbo èyí ní ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀kọ́ ọnà èdè tí kò ní pátákó ìkọ̀wé.

Inú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni a bí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sí ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1939, ní abúlé Lábọ̀dé, lẹ́bàá Ìbàdàn. Ó ka ìwé ní ilé-ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ó sì lọ sí Wesley College ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1905. Ní ayé ìgbà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ àròkọ tí yóò gbé e dé ipò. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, kò yàtọ̀. Nígbà tí Ìṣọ̀lá wọ ibẹ̀, èdè Faransé ni ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ọmọ abúlé tí ó gbọ́ Yorùbá dé góńgó, èdè àwọn ará Paris ni ó gba oyè àkọ́kọ́ lé lórí.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kọ́ Faransé lọ́wọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ eré-onítàn kan ní èdè Yorùbá. Eré náà ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Láti ìgbà náà ni ìrìn-àjò rẹ̀ ti yí padà. Ó lọ sí Yunifásítì Èkó, ó sì fi ìwádìí lórí Ṣàngó-pípè gba oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 1973. Ní 1978, Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ ọnà òǹkọ̀wé nínú ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá òde-òní ni ìwádìí yìí dá lé. Kí ẹ̀yin òǹkàwé mi má ṣe fojú kékeré wo àkọlé yẹn. Nígbà tí Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, àwọn ènìyàn gbádùn rẹ̀, wọ́n sì yìn ín. Ṣùgbọ́n kí a jókòó, kí a tú ìwé Yorùbá palẹ̀ bí ẹni tú ẹ̀rọ, kí a wo bí òǹkọ̀wé ti fi gbólóhùn kan ti èkejì, kí a sì fi èyí gba oyè tí ó ga jù ní yunifásítì, ohun titun ni.

Kì í ṣe Ìṣọ̀lá nìkan ni ó gé igbó yìí. Adébóyè Babalọlá ti fi ìwé rẹ̀ lórí ìjálá la ọ̀nà ní 1966. Ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ titun ní 1974. Àwọn onímọ̀ bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe aṣáájú àwọn tí ó ṣe àkójọ èdè-ìperí, kí olùkọ́ má bàa máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní gírámà Yorùbá. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, Ìṣọ̀lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ tí ó ń kọ àròkọ, tí ó ń ṣe lámèyítọ́, tí ó sì ń jiyàn ní èdè abínibí wọn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 1991.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń sọ bí a ti í kọ̀wé tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ ọ́ rí. Ìṣọ̀lá kò sí lára wọn. Ó kọ Ó Le Kú ní 1974, ìtàn ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó sì fi hàn pé Yorùbá lè sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga gẹ́gẹ́ bí ó ti lè sọ ti ọdẹ àti iwin. Ó kọ Kòṣeégbé, ó kọ Ogún Ọmọdé, ó túmọ̀ ìwé Wọlé Ṣóyínká sí Yorùbá, ó sì bá Túndé Kèlání ṣe fíìmù Ṣaworoidẹ ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Ní 1992, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ahọ́n òǹkọ̀wé Áfíríkà, níbi tí ó ti jà fún un pé èdè Áfíríkà ni ó yẹ kí lítíréṣọ̀ Áfíríkà máa sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ àpilẹ̀kọ náà. Bí ayé àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí nìyẹn.

Níbi tí a dé yìí ni mo fẹ́ kí a ti dúró díẹ̀, nítorí ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí a kò tíì dá tán. Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán ni.

Nínú eré Ìṣọ̀lá, ìkà obìnrin ni Ẹfúnṣetán. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Lẹ́yìn èyí ni Ààrẹ Látòóṣà àti àwọn ìjòyè dìde sí Ẹfúnṣetán, òun náà sì gbé májèlé jẹ. Eré yìí wọ gbogbo ilé. Wọ́n ṣe é nílé-ìwé, wọ́n ṣe é lórí pápá, wọ́n kà á fún ìdánwò. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú obìnrin tí ojú rẹ̀ le ní Ìbàdàn, orúkọ Ẹfúnṣetán kò jìnnà sí i lẹ́nu.

Bí a bá wá yíjú sí àkọsílẹ̀ ìtàn, ọ̀rọ̀ kò dọ́gba mọ́. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1921, kò fi ìkà obìnrin náà pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé ẹrú tí ó wà ní àwọn oko rẹ̀ nìkan tó 2,000, pé ó lọ́rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, pé Látòóṣà ni ó rọ̀ ọ́ lóyè Ìyálóde ní 1874, tí ó sì bu owó ìtanràn lé e. Kò gbé májèlé jẹ: àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á lóru lórí ibùsùn rẹ̀ ní ọdún kan náà. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀wò nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1992, ó fi hàn pé oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, ẹni tí àwọn jagunjagun máa ń gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, tí ó sì lòdì sí ọ̀nà tí Látòóṣà ń gbé ogun gbà. Ẹni tí ó jẹni lówó, tí ó tún di ọba ìlú lórí ẹni náà, a máa wá ẹ̀sùn tí yóò fi kàn án.

Ǹjẹ́ kí a wá sọ pé Ìṣọ̀lá purọ́? Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé eré kì í ṣe akọ̀tàn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ẹgbẹ̀rún méjì ẹrú tí ó wà lóko. Ìwé ìtàn ka iye wọn, kò kọ orúkọ wọn. Àwọn oko tí wọ́n fi òógùn wọn ro wà ní àyíká ìlú yìí, a kò sì mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìṣọ̀lá, ọmọ abúlé, ni ó fún wọn ní ẹnu. Bí akọ̀tàn ti gba ẹjọ́ olówó rò, òǹkọ̀wé eré gba ti ẹrú rò. Bí a bá mú ọ̀kan, tí a sọ èkejì nù, a ti pàdánù ìdajì òtítọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ẹjọ́ méjèèjì kò dé etí àwùjọ kan náà. Yorùbá ni Ìṣọ̀lá fi ro tirẹ̀, ó sì dé Lágelú, ó dé Ẹgbẹ́dá, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọ rẹ̀ tí ó wà nílé-ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n Awẹ́ fi ro tirẹ̀. Ó dé ibi ìkówèésí yunifásítì, ó sì jókòó síbẹ̀. Bí Ẹfúnṣetán bá ń jẹ̀bi lọ́jà títí di òní, kì í ṣe pé agbẹjọ́rò rẹ̀ kò mọ ẹjọ́ rò, bí kò ṣe pé èdè tí adájọ́ kò gbọ́ ni ó fi rò ó. Ohun tí Ìṣọ̀lá ń sọ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni ó sì wá jẹ́rìí sí i.

Ọ̀nà wà láti tún un ṣe, kò sì jẹ́ titun. Ní 1911, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, ti fi Yorùbá kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn. Kò dúró de yunifásítì kí ó tó gbà pé èdè wa lè gbé ìtàn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 2018. Àwọn tí ó kọ́ ní ọnà èdè ti di olùkọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bu ọlá fún un láàrin wọn, kí ó mú gègé, kí ó gba ẹjọ́ Ẹfúnṣetán rò ní Yorùbá tí ó dùn tó ti ọ̀gá rẹ̀, kí àgbà tí ó jókòó lábẹ́ igi ní Lábọ̀dé lè gbọ́ tẹnu agbẹjọ́rò méjèèjì, kí ó tó dá ẹjọ́.