Jingo: Ta Ló Ni Orin Yìí?

Bí "Jingo" bá ta sétí ẹ̀gbọ́n kan tó fẹ́ràn gìtá, á ní Santana ló ni ín. Ẹni tó jó dísíkò nígbà èwe rẹ̀ lè ní Candido ni. Ẹni tó ń tẹ̀lé àwọn DJ lè ní Fatboy Slim ni. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ wa ló kọ́kọ́ gbé e sórí àwo: Babátúndé Ọlátúnjí.

Àjídò, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ni wọ́n ti bí i ní 1927. Ní 1950, ó rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Rotary gbà, ó sì lọ sí Morehouse College ní Atlanta. Ìwé ló bá lọ, ìlù ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1960, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní Drums of Passion. Orin mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ "Shango", èyí tó máa ń mú inú àwa ará Ẹdẹ dùn, torí ìlú Ṣàngó ni ìlú wa. Òmíràn ni "Jin-Go-Lo-Ba".

Orin yẹn ò le rárá. Ó ní lílé, ó ní ègbè, ìlù sì ń dún kíkankíkan lábẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò pọ̀. A rò pé ìdí nìyẹn tó fi rìn jìnnà: ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá lè gbà á kọ, bó bá ti lè lù ú.

Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin Faransé, mú mẹ́ta nínú orin Ọlátúnjí sínú àwo rẹ̀, Gainsbourg Percussions. Ó fi ọ̀rọ̀ Faransé sí wọn, ó sì yí orúkọ wọn padà. "Jin-Go-Lo-Ba" di "Marabout". "Akiwowo" di "New York U.S.A." "Kiyakiya" di "Joanna". Nígbà tí àwo náà jáde, kò sí orúkọ Ọlátúnjí lára ẹ̀.

Ní 1969, ẹgbẹ́ Santana fi gìtá àti dùùrù kún un, wọ́n sì lù ú ní Woodstock lọ́dún náà. Ní 1979, Candido, onílù kóńgà ọmọ Kúbà, sọ ọ́ di orin dísíkò. Ní 2004, Fatboy Slim ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbé e wá. Ọlátúnjí ti kú lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tó ku ọjọ́ kan kó pé ẹni ọdún 76.

Ẹnì kan lè bi wá pé: ṣé Ọlátúnjí fúnra ẹ̀ ò bá ìlù nílé ni? Ó bá a nílé. Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Ojoojúmọ́ là ń mú kóòdù ẹlòmíì lò. Láísẹ́ǹsì MIT, tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, sọ pé: mú un, tún un ṣe, kódà tà á, àmọ́ má yọ orúkọ ẹni tó ni ín kúrò. Ìlà díẹ̀ péré ni, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àwọn onílù wa ti mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Wọ́n á kọ́kọ́ júbà àwọn tó ṣáájú wọn, kí wọ́n tó dá àrà tiwọn. Ní Ẹdẹ níbí, Tìmì Adétóyèsè Láoyè Kìíní, tó jọba láti 1946 sí 1975, ń lu ìlù fúnra ẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Ọba ni, síbẹ̀ kò ka ìlù sí iṣẹ́ tí ò lórúkọ.

Nítorí náà, àwa ò bínú pé wọ́n tún orin yìí kọ. Ká ní wọn ò tún un kọ ni, bóyá púpọ̀ nínú wa ò bá má gbọ́ ọ rí. Ohun tó dùn wá ni "Marabout", tó jáde láìlórúkọ bàbá ẹ̀. Bí DJ bá fi "Jingo" sí i lóde àríyá, ẹ jó o dáadáa. Bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jó bá béèrè pé ta ló ni ín, ẹ dárúkọ Ọlátúnjí fún un.